Dókítà wà n'Ílọrin, èmi wà lórí àpáta: ohun tí iṣẹ́ kúárì kọ́ mi nípa ìtọ́jú orí fóònù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́.

CHEW ni mí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, Ìdá ni mo ti kàwé ẹ̀, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní apá Ìjùmú kí n tó bọ́ sí kúárì tí mo wà báyìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Inú igbó Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni sáìtì wa wà, téèyàn bá kúrò lórí títì tó ti Mọpa lọ sí Isanlu, ó ṣì máa gun ọ̀kadà nínú eruku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn o, tó bá dìgbà òjò ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Àwa bí àádọ́rin la wà níbẹ̀, àwọn tó ń lu òkúta, àwọn tó ń wa kátápílà, wẹ́dà, mẹkáníìkì, sikiọ́rítì, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ. Ará Ọ̀kun wà, Ebira wà, Nupe wà, Tiv wà, Hausa náà wà. Dókítà kankan ò sí. Èmi ni gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo sọ fún wọn tí tí tí pé mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ó sú mi, mo ń dáhùn.

Nígbà tí kọ́ńpìnì sọ pé àwọn ti bá àwọn kan ṣàdéhùn pé dókítà á máa dá wa lóhùn lórí fóònù tọ̀sán tòru, inú mi dùn gan-an. Mo rò pé ẹrù ti kúrò lórí mi nìyẹn. Wọ́n gbé fóònù ńlá kan wá, wọ́n fi nọ́ḿbà kan sínú ẹ̀, wọ́n ní tí ohunkóhun bá ti ṣẹlẹ̀ kí n ṣáà pè.

Oṣù kejì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wẹ́dà wa kan, ọmọ Ebira, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ní àyíká ìdodo ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo pè, dókítà kan gbé e, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin, ó ní ó jọ táífọ́ọ̀dù, ó dárúkọ òògùn, mo fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, inú rírun yẹn ti sọ̀kalẹ̀ sápá ọ̀tún, ó ń bì, kò lè jẹ nǹkan kan. Mo tún pè. Ẹlòmíì ló gbé e, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ àti ọjọ́ orí, kò mọ̀ rárá pé ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ lánàá, òun náà ní ká máa lo òògùn yẹn lọ ká sì máa mu omi dáadáa. Ọjọ́ kẹta, ẹnì kẹta. Ìyẹn ló wá ní ká gbé e lọ ṣe scan kíá ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Ibo ló wà nítòsí? Ó rò pé àdúgbò kan ní Èkó la wà tí èèyàn lè sọdá títì. Hilux kan ṣoṣo tá a ní ti lọ Kabba lọ ra dísù láti àárọ̀, kò dé títí alẹ́ fi lẹ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn lóru nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Ọ̀yẹ̀ là kó tó kúrò níwájú mi. Àpẹ́ńdíìsì ni, ó sì ti bẹ́ sí i nínú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ẹ̀ ló wá ń tọ́jú ẹ̀, mo lọ wò wọ́n, ìyá náà kí mi dáadáa, kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mi ò di ẹrù gbogbo ẹ̀ lé àwọn dókítà yẹn lórí. Wọn ò rí ọmọ náà, wọn ò mọ ibi tá a wà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní ni pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tá a sọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sẹ́nì kankan tó ní kí n gbé ọwọ́ lé ikùn ẹ̀. Èmi náà ò sì gbé e lé e, torí mo ti gbà lọ́kàn mi pé dókítà ti ń tọ́jú ẹ̀.

Kọ́ńpìnì pa àwọn yẹn tì. Ẹni tí wọ́n wá mú lẹ́yìn náà, dókítà obìnrin kan tó ń gbé n'Ílọrin ni, òun àti ẹnìkejì ẹ̀ tó máa ń gbà á sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan, wọ́n ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú sí. Kó tó gbà láti ṣe iṣẹ́ náà, ó ní àfi kóun wá wo ibẹ̀. Ó wá lóòótọ́, ó sun ọjọ́ méjì ní kámpù, ó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà eruku yẹn débi tí bàtà ẹ̀ fi pupa. Mo rò pé òògùn ló máa kọ́kọ́ bèèrè, rárá o, ó ní ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ Hilux lọ́wọ́ lálẹ́? Ta ló tún lè wà á tí dẹ́rẹ́bà bá lọ ilé? Ibo ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú? Àwọn ọdẹ wo ló ń ṣọ́ ọ̀nà yìí, ṣé a ní nọ́ḿbà wọn? Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ṣe é lófin pé Hilux kan ò gbọdọ̀ kúrò ní sáìtì tí ìkejì ò bá sí ńlẹ̀, bí kọ́ńpìnì ṣe ra ìkejì nìyẹn, wọ́n ráhùn o, àmọ́ wọ́n rà á.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá jókòó tì mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ wẹ́dà yẹn fún un, mo sì sunkún. Ó ní kí n pe ọ̀kan nínú àwọn sikiọ́rítì wá, kó dùbúlẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó fi tẹ ikùn ẹni náà níbi gbogbo, ó ní ibi tí kò dùn ún ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀ ni kí n máa wò kì í ṣe ikùn, torí ojú ò lè purọ́. Ó ní tí inú bá ń run èèyàn lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, kí n ní kó wúkọ́, kó dìde dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó wá jẹ́ kí gìgísẹ̀ já lulẹ̀ gbì. Tó bá fi ọwọ́ di ikùn mú tó ké, kí n pe òun, kí n sì pe dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà ni kí n kọ́kọ́ pè. Ó ní, “Ojú mi lè wà nínú fóònù yẹn, àmọ́ mi ò lọ́wọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo máa lò, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n dáadáa.” Dókítà ńlá ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Mo rántí ìyẹn.

Àpótí òògùn wa náà, òun ló tò ó. Ó sọ fún mi pé l'Ọsirélíà, níbi táwọn dókítà ti ń wọ bàálù lọ tọ́jú àwọn ará oko jínjìn láti 1928, rédíò ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, rédíò tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́ kó lè níná, ìgbà tó wá di 1942 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín àpótí òògùn fún oko kọ̀ọ̀kan, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló ní nọ́ḿbà. Dókítà á kàn sọ lórí rédíò pé ẹ fún un ní ẹyọ kan nínú nọ́ḿbà báyìí. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń pe orúkọ òògùn tó gùn bí ọ̀nà Abuja. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gé pálí, mo kọ nọ́ḿbà, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìwé kan wà lọ́dọ̀ mi, ìkan náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ti iye náà tún wà. Lórí nẹ́tíwọ̀kì tó ń já, fifteen àti fifty, ohùn kan náà ni wọ́n, ẹ dán an wò. Ọjọ́ kan tí mo ń gbé dírípù fún ẹnìkan tí ìgbẹ́ gbuuru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, àádọ́ta ni mo gbọ́ pé kó máa kán ní ìṣẹ́jú kan, mo sì tún un sọ fún un lédè Yorùbá kí n tó ṣí i, mo ní “àádọ́ta, àbí?”, bó ṣe pariwo nìyẹn pé “rárá o, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!”, torí ọkùnrin náà ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí i lára púpọ̀. Látìgbà yẹn, Yorùbá la fi ń ka gbogbo iye, mo sì gbọ́dọ̀ tún un sọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àádọ́ta ò lè jọra láéláé, kódà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́.

Nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ ẹ̀ lè gbé ní apá ọ̀dọ̀ wa kẹ́ ẹ má sọ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì. Fídíò táwọn èèyàn ń pariwo ẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ fún wa. Orí àpáta kan wà lẹ́yìn kíṣìnì, ibẹ̀ ni sígínà méjì máa ń wọlé, mo ti gun àpáta yẹn nínú òjò, mo ti gùn ún lóru tèmi ti tọ́ọ̀ṣì. Ohun tó wá ń gbà wá ni tẹ́ẹ̀sì lásán. Tẹ́ẹ̀sì máa ń lọ nígbà tí ìpè ò bá lọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé, kò lámì, kò ní kíki:

“M34. Ejo bu je 4.10. Ese osi, orun ese. BP 110/70. P 96. O2 98. Ko bi. Oju da. Oko n bo.”

M34 ni ọkùnrin ọmọ ọdún 34, BP ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, P ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan, O2 ni atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀. Kò ju àmì 160 lọ, ó kúnjú tẹ́ẹ̀sì kan, dókítà sì ti mọ gbogbo ohun tó fẹ́ mọ̀. Fọ́tò náà máa ń dé tó bá yá: ojú ọgbẹ́ lójúmọmọ, ẹ má lo fíláàṣì, ọ̀kan láti òkèèrè kó mọ apá ibi tó wà lára, ọ̀kan nítòsí, kẹ́ ẹ sì fi báírò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wo atẹ́gùn náà, ẹ fọ ìka ẹ̀ kọ́kọ́, ìka ẹni tó ń lu òkúta kún fún eruku, ti àwọn ìyá wa tó lé làálì náà lè má ka dáadáa.

Tẹ́ẹ̀sì tí mo kọ sókè yẹn, ti òótọ́ ni. Oṣù karùn-ún ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Tiv kan ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí igi, ejò kékeré kan, aláwọ̀ ilẹ̀, bù ú jẹ. Kí n tó dé ibẹ̀ wọ́n ti fi rọ́bà inú táyà so ẹsẹ̀ ẹ̀ pinpin, ẹnìkan ti mú bíléèdì dání, ó fẹ́ sín in. Mo gba bíléèdì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo jù ú sínú igbó. Dókítà pè padà, mo ti wà lórí àpáta, wẹ́dà kan ń pariwo ọ̀rọ̀ mi sísàlẹ̀: ẹ má sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ fi igi di ẹsẹ̀ náà bíi pé ó kán, kó má rìn rárá, rọ́bà yẹn ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe ń mí.

Dẹ́rẹ́bà wà ní òdìkejì kúárì, wọ́n ní ó kéré tán á tó ìdajì wákàtí kó tó yọ. Dókítà ní ó dáa, kí n mú gíláàsì kékeré inú àpótí. Nígbà tó wá wo kámpù wa, mẹ́ta ló kó wá, tuntun, gbígbẹ, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ó tún bi mí, “Gíláàsì ni àbí rọ́bà? Ẹ kan ehín mọ́ ọn.” Gíláàsì ni. Ó ní ara gíláàsì ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó bá jẹ́ rọ́bà, ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le gan-an lè má dì, tó bá sì ti kan ọṣẹ rí, á tún tàn wá jẹ. Kí n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, mílíìlítà méjì, kí n dà á sínú ẹ̀, kí n gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án, 20 ìṣẹ́jú gééré, lẹ́yìn náà kí n tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá dì, oró ejò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, abẹ́rẹ́ ejò ló nílò. Ó ní kí n gba ti ẹlòmíì tára ẹ̀ dá sínú ìkejì ká lè fi wé e. Kí n tó wo ọ̀tún wo òsì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ ti na apá ẹ̀ sí mi, iyán ṣì wà níka ẹ̀, ó ní “gba tèmi, ọmọ mi.”

20 ìṣẹ́jú yẹn, mi ò mọ̀ pé ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń bi mí ní Píjìn bóyá òun máa kú. Mo ní dókítà ń bá wa bọ̀. Nígbà tí àkókò pé, mo gbé ti ìyá, ó ti dì mọ́ ìdí gíláàsì bí ẹ̀kọ tútù, kò yẹsẹ̀. Mo gbé ti ọmọ náà, ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́ bíi zobo.

Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: “Eje ko di.” Kò pé ìṣẹ́jú kan tó pè. Nígbà tá a ń ka ìṣẹ́jú wa, òun ti ń pe ọsibítù kiri láti Ìlọrin, èyí tó sún mọ́ wa jù sọ pé abẹ́rẹ́ ejò ti tán lọ́wọ́ àwọn, ìkejì tó jìnnà díẹ̀ sí i ní òun ní in nínú fíríjì. Ó ní ká má yà níbì kankan, ibi tí abẹ́rẹ́ wà ni ká kọrí sí, wọ́n ti ń retí wa. Àwọn ọdẹ méjì gun ọ̀kadà ṣáájú wa títí a fi já sí títì, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà wọ́n tún dán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó ti ń dì.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni dókítà orí fóònù ṣe níbẹ̀, ṣebí ọsibítù ló gún un lábẹ́rẹ́. Tí kì í bá ṣe òun, ibi tó sún mọ́ wa là bá sáré lọ, wọn ì bá ní kò sí, a ó tún wọ ọkọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn.

Ohun kan tó kù tí mi ò fẹ́ gbàgbé ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì mánéjà ni wọ́n gbé fóònù ńlá yẹn sí, ẹni tó bá fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, etí mánéjà ló máa sọ ọ́ sí. Ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ọlọ́jọ́ orí kan tó ń wa kátápílà, tá à ń pè ní Bàbá, BP ẹ̀ 190/115 ni lọ́jọ́ tí mo fi ọgbọ́n wọ̀n ọ́n, ó ti mọ̀ látọdún tó kọjá, ó fi pamọ́ torí ó rò pé wọ́n á lé òun. Kátápílà ló ń wà o, lórí òkè, àwọn èèyàn ń bẹ nísàlẹ̀! Dókítà bá mánéjà sọ ọ́, ó ní Òfin Ètò Ìlera ti 2014 ò fàyè gbà á kí ọ̀rọ̀ aláìsàn máa jáde láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, àti pé òfin 2023 tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn náà wà ńlẹ̀. Ohun tí kọ́ńpìnì máa gbọ́ kò ju pé ẹni yìí lè ṣiṣẹ́, tàbí kó sinmi ọjọ́ báyìí, tàbí kí wọ́n gbé iṣẹ́ míì fún un. Wọ́n kọ́ yàrá kékeré kan fún mi, pákó ni, ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kàn án mọ́ ọn, èèyàn mọ́kànlá ló wá. Bàbá ń lo òògùn ẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ilẹ̀ ló ń ṣe títí BP ẹ̀ fi wálẹ̀, wọn ò lé e.

Ilẹ̀kùn yẹn náà la fi mọ̀ pé àwọn mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú rò pé tòun nìkan ni. Dókítà rí i nínú ìwé ẹ̀, ó ní kí n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà fún àyẹ̀wò ikọ́ ife, torí eruku òkúta máa ń jẹ́ kó tètè muni. Ẹnìkan ní in, ó ń gba òògùn ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Eruku yẹn fúnra ẹ̀, tó bá ti dá ọgbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sí òògùn tó lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ omi lásán tí wọ́n bá ń wọ́n sí òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ á dín in kù gan-an. Ó ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ra pọ́ǹpù kan, ó bàjẹ́, wọn ò tíì tún un ṣe, mo sì ń pè wọ́n lójoojúmọ́ lórí ẹ̀, mi ò ní dákẹ́.

Dókítà ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ó ní òun fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ̀dọ̀fóró, mo ti fowó ara mi ra ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ láti Ìlọrin. Ọmọ Tiv yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń wọ bàtà gígùn báyìí, tó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá yẹn, “Mama my blood” ló ń pè é. Gíláàsì mẹ́fà ló wà nínú àpótí báyìí, tuntun, gbígbẹ. Nọ́ḿbà 31 ni wọ́n.